Ẹ̀rọ GPS fún Ìṣọ́ Afárá Ńlá: Onígbì Kan Tàbí Onígbì Púpọ̀?

Ẹni tó ti pinnu láti gbé ẹ̀rọ GPS sórí afárá, kí ó lè mọ bí afárá náà ṣe ń mì tàbí bí ó ṣe ń rì, ni mo kọ èyí fún, pàápàá bí kò bá tíì mọ̀ bóyá kí òun ra olówó pọ́ọ́kú tó ń gba ìgbì L1 nìkan, tàbí kí òun fara da ọ̀wọ́n tó ń gba L1, L2 àti L5 pọ̀ (orúkọ ìgbì rédíò tí sátẹ́láìtì fi ń fi àmì ránṣẹ́ ni wọ́n). Owó ara mi ni mo fi ra méjèèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo gbà pé ẹ ti mọ iṣẹ́ béèsì (ẹ̀rọ tó dúró sójú kan tí a ti mọ̀) àti ti rófà (èyí tó wà lórí ohun tí à ń wọ̀n), nítorí náà n kò ní padà síbẹ̀.

Kí owó tó jáde lápò, ẹ kọ́kọ́ wo irú afárá tó wà níwájú yín. GPS tó dára, tí béèsì rẹ̀ sì wà nítòsí, lè fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan ṣìnà lórí ìbú, kí ó fi bíi méjì ṣìnà lórí gíga. Èyí kò já mọ́ nǹkan lórí afárá Humber nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣí ní 1981, tí àlàfo àárín òpó rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mítà 1,410, tàbí lórí Akashi Kaikyo ní Japan tí tirẹ̀ jẹ́ mítà 1,991, nítorí pé okùn irin ni wọ́n fi gbé irú wọn rọ̀, atẹ́gùn àti ẹrù sì ń tì wọ́n kọjá ohun tí àṣìṣe ẹ̀rọ lè bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n afárá kọnkéré kúkúrú, bí irú èyí tí à ń gbà kọjá odò láti Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, mìlímítà díẹ̀ ni yóò tẹ̀ bí tírélà bá gùn ún. Bí ẹ bá gbé GPS lé e, àṣìṣe ẹ̀rọ ni ẹ ó máa kà. Lẹ́fẹ́lì tàbí total station, àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n ilẹ̀ tí à ń fi awò wọn wo ibi tí a fẹ́ wọ̀n láìlo sátẹ́láìtì, ni kí ẹ yá fún irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí gígùn tàn yín jẹ: Third Mainland ní Èkó gùn tó kìlómítà 11.8, ṣùgbọ́n òpó tó gbé e dúró sún mọ́ ara wọn, kì í ṣe afárá tó ń fì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òfuurufú, ibẹ̀ ni mo ti pàdánù owó.

Sátẹ́láìtì GPS wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè, àmì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ la ionosphere kọjá, ìyẹn ìpele òfuurufú tí ìtànṣán oòrùn ń sọ di èyí tó kún fún iná mànàmáná. Ìlà òòfà tó pín ayé sí méjì gba orí Nàìjíríà kọjá, ní àríwá wa. Fún àwa tí a wà lẹ́bàá ìlà náà, bí oòrùn bá ti wọ̀ ni ìpele yìí máa ń dà rú: àwọn ihò ńláńlá á là nínú rẹ̀, àmì tó bá sì gba inú wọn kọjá á máa ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Ó máa ń le jù ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, láti ìrọ̀lẹ́ títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́, ní pàtàkì lọ́dún tí oòrùn bá ń bínú, bíi 2024.

Ẹni tó ta ẹ̀rọ onígbì kan fún mi kò sọ èyí. Agogo mọ́kànlá àárọ̀ ló wá fi hàn mí lórí pápá nítòsí Tákíè, ó sì ṣe dáadáa lóòótọ́. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, sórí afárá kan tí n kò ní dárúkọ. Alẹ́ kẹta ni mo jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́bàá odò, kọ̀ǹpútà wà lórí itan mi. Nígbà tí agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀, àárín afárá tó ti wà lójú kan láti àárọ̀ fò sókè ní sẹ̀ǹtímítà 34 lójú kọ̀ǹpútà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì yà bàrá sí ìwọ̀ oòrùn. Mo pe ẹnjiníà. Ẹnjiníà dá ọkọ̀ dúró, àwọn tírélà tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, a sì fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ìsàlẹ̀ afárá wò títí ara wa fi bó. A gbé total station dojú kọ ọ́: afárá kò mira. Ìgbà yẹn ni mo tó wo igun kọ̀ǹpútà dáadáa, tí mo rí i pé ẹ̀rọ ti kúrò ní fixed (ìgbà tí ìṣírò rẹ̀ dá a lójú dé sẹ̀ǹtímítà), ó ti di float (ìgbà tó kàn ń fojú bù ú), ó sì ń bá ìròyìn rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìdajì owó iṣẹ́ náà ni wọ́n yọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo yá onígbì púpọ̀ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, mo gbé e ti tèmi. Òun náà sọnù sí float nígbà mẹ́ta, irọ́ ni ẹni tó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ń pa. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó padà, torí pé bí ihò bá gbé GPS mì, GLONASS, Galileo àti BeiDou, sátẹ́láìtì Rọ́ṣíà, Yúróòpù àti Ṣáínà tí òun náà ń gbà, ṣì wà níbòmíràn lójú ọ̀run. Àti pé bí ìgbì méjì ṣe pẹ́ ju ara wọn lọ lójú ọ̀nà ló fi ń ṣírò ohun tí ionosphere ṣe sí wọn. Ó tún ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní tútù, bí ó ṣe gbà á láìtíì ṣírò rẹ̀, tí mo fi jókòó lọ́jọ́ kejì láti yọ ìṣẹ́jú tó bàjẹ́ kúrò.

Ní ti iná, onígbì kan kì í jẹ ẹ́ púpọ̀: bátìrì kékeré tó o. Ìró àmì tó ń gba ara irin afárá padà ń yọ àwọn méjèèjì lẹ́nu. Áńtẹ́nà tó dára ló ń dín in kù. Ẹ bi ọlọ́jà bóyá kóòdù ẹ̀rọ, ìyẹn nọ́ńbà ìyọ̀ǹda tó ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, ń tán lọ́dọọdún.

N kò ní ká má ra onígbì kan. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ọ̀sán, tí béèsì kò ju kìlómítà kan tàbí méjì lọ, tí ẹni kan sì wà nídìí kọ̀ǹpútà tó mọ ohun tí float jẹ́, ó tó. Afárá sì rèé, ẹrù wúwo ń gùn ún lóru náà.

Oko kajú ni mo ń fi tèmi wọ̀n báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi, kí ó wá dán an wò lágogo mẹ́sàn-án alẹ́.