Ọ̀nà méjì láti ṣírò agbára òòfà muon
Muon jẹ́ ègé kékeré kan tó jọ electron inú átọ́ọ̀mù, àfi pé ó wúwo jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 207. Ipa àwọn quark, ìyẹn àwọn ègé tó para pọ̀ di proton àti neutron, ló mú ìṣirò agbára òòfà rẹ̀ le.

Ọ̀nà àtijọ́ láti ṣírò ipa yìí gbára lé ìwọ̀n ohun tó ń jáde nígbà tí electron àti positron (ìkejì electron tó ní iná pọ́sítíìfù) bá kọlu ara wọn. Ó dára, àmọ́ lọ́dún 2023, ìwọ̀n tí CMD-3, ẹ̀rọ tó ń wo irú ìkọlù yìí, mú jáde láti Novosibirsk ní Rọ́ṣíà kò bá ti àtẹ̀yìnwá mu rárá. Èwo ni ká wá gbà?

Ọ̀nà kejì, Lattice QCD, tó ń ṣírò agbára tó so àwọn quark pọ̀, ní tirẹ̀ pín àyè àti àkókò bí ojú àwọ̀n, kọ̀ǹpútà ńláńlá sì ń ṣírò rẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan. Ó ń jẹ owó àti àkókò, ṣùgbọ́n òun ni mo fara mọ́, torí kò gbára lé ìwọ̀n ìkọlù kankan. Òun náà ni àwọn onímọ̀ lò lọ́dún 2025, èsì rẹ̀ sì bá ohun tí Fermilab, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, wọ̀n mu.