Ṣọ́ọ̀bù oní-coil ní Pánṣẹ́kẹ́ tí mo ti ra waya lúùpù mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àtifọwọ́ ṣe rédíò l'Abẹ́òkúta, ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Pánṣẹ́kẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wé coil fáànù àti ti pọ́ńbù omi. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ bá wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn dáa.

Jẹnẹrétọ̀ àti inverter àdúgbò ò jẹ́ n gbádùn AM mọ́, ni mo bá ní kí n ṣe antẹ́nà lúùpù ńlá (waya tí wọ́n wé yí férémù ká láti fi gba rédíò), onígun mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan mítà kan. Mo ti ṣírò ẹ̀ lórí fóònù kí n tó jáde nílé: ìyípo 7, àlàfo sẹ̀ǹtímítà kan láàárín wọn, inductance ẹ̀ (bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni lúùpù á ṣe máa gba ìkànnì tó wà nísàlẹ̀ sí i) máa tó bíi 134 microhenry. Kapásítọ̀ 500 pF (èyí tí wọ́n ń yí láti fi wá ìkànnì) tí mo tú lára rédíò bàbá mi á wá gbé mi sọ̀kalẹ̀ dé 615 kHz péré, bẹ́ẹ̀ 531 ni AM tiwa ti bẹ̀rẹ̀, àfi kí n wá nǹkan ṣe sí i.

Mo débẹ̀, ọ̀gá ní waya 1 mm tí mo fẹ́ yẹn tín-ín-rín jù, kí n mú 2 mm. Mo ní ọ̀gá, ẹ má bínú, kì í ṣe fáànù la fẹ́ wé o. Tó bá jẹ́ ìyípo kan ṣoṣo, 2 mm kàn máa já a láti bíi 5.5 sí 4.9 microhenry ni, ìwọ̀n waya tí mo máa sanwó ẹ̀ á sì di ìlọ́po mẹ́rin. Iye ìgbà téèyàn wé e lọ̀rọ̀ wà, ẹ sọ ìyípo di ìlọ́po méjì kẹ́ ẹ wò ó, inductance á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ó wò mí títí, ó ní "alákọ̀wé, mo gbọ́."

Ẹjọ́ mi rèé: wọn kì í gé waya ní mítà, kílò ni wọ́n fi ń tà á, wọn ò sì ń tà kéré sí ìlàjì. Mítà 28 ni mo nílò, kò ju bíi 200 gíráàmù lọ! Ìlàjì kílò tó lúùpù méjì àti ààbọ̀, ó dùn mí gan-an.

Àmọ́ kí n tó sanwó, ọmọṣẹ́ ibẹ̀ fi bíléèdì họ orí waya hàn mí, pupa ni títí dé inú. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà níbòmíì, ilé ni mo ti họ ọ́, funfun ni mo bá nínú ẹ̀, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lásán.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé férémù tí kápẹ́ńtà kàn fún mi wọ màrúwá lọ síbẹ̀ (owó èèyàn méjì ni dẹ́rẹ́bà gbà lọ́wọ́ mi), torí wọ́n ní LC meter, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn inductance. A wé e, ó ka 137. Ọmọ yẹn ní, "Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fún wọn pọ̀, ẹ ṣáà ti rí bí wọ́n ṣe ń wé gèlè." A dín àlàfo kù sí ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà, mo ṣírò 161, mítà ka 165. Waya kan náà o, ìyípo kan náà, ìsàlẹ̀ ibi tó lè gbà wá di nǹkan bíi 555 kHz. Èmi tí mò ń ṣírò látàárọ̀, ibẹ̀ yẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí mo délé mo gbé e ti fèrèsé, gbogbo ìkànnì tí mo yí i sí ló yẹ̀, àṣé bọ́gúlàrì irin ló ń dà á láàmú. Mo sún un kúrò níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ara ẹ̀ balẹ̀. Tí mo bá sì ti yí i síbi tó yẹ báyìí, ariwo inverter aládùúgbò mi á pòórá.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé waya ní mítà ni wọ́n á gba ìkarùn-ún. Èyí tó ṣẹ́kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi l'Òkè-Ìléwó, ẹni tó bá fẹ́ mítà 28 kó wá mú un, abọ́ láfún kan lowó ẹ̀.