Ìdè mílímítà 75 àti ìdè NTN: èwo ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ síkì telemark?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ síkì telemark, ìyẹn ọ̀nà kan tí a ń gbà fi síkì, pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, yọ̀ lórí yìnyín, yóò tètè rí i pé síkì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìpinnu tó le jù, bí kò ṣe ohun tí yóò so bàtà rẹ̀ mọ́ síkì náà. Nínú telemark, iwájú ẹsẹ̀ nìkan ni a ń dè mọ́lẹ̀. Gìgísẹ̀ wà lómìnira. Nígbà tí a bá fẹ́ yà, a ó ti ẹsẹ̀ kan síwájú, orúnkún méjèèjì yóò tẹ̀, gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò sì gbéra nílẹ̀. Oríṣi ìdè méjì ló gbilẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, bàtà ọ̀kan kì í sì í wọ ìdè èkejì. Mo ti fi owó ara mi ra méjèèjì. Èkínní ni mo rà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èkejì ni mo ń lò títí di òní.

Ìdè mílímítà 75 ni àgbà. Ó ṣẹ̀ wá láti inú ìdè tí Bror With, ọmọ ilẹ̀ Nọ́rwèy, ṣe ní 1927, tí a wá mọ̀ sí Rottefella, èyí tó túmọ̀ sí tàkúté eku. Bàtà rẹ̀ ní àgógó pẹlẹbẹ níwájú bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, ìbú àgógó yìí sì ni mílímítà 75 tí a fi ń pe orúkọ rẹ̀. Nínú àwọn kan, ìṣó kúkúrú mẹ́ta ló ń wọ ihò mẹ́ta lábẹ́ àgógó náà. Nínú àwọn mìíràn, okùn irin onísípíríǹgì ló yí gìgísẹ̀ bàtà ká, tó sì ń tì í síwájú. Ilé iṣẹ́ Rottefella kan náà ló gbé NTN (New Telemark Norm, ìyẹn òṣùwọ̀n tuntun fún telemark) jáde ní 2007. Bàtà NTN kò ní àgógó. Gìgísẹ̀ kékeré kejì ló ní lábẹ́, lẹ́yìn ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìdè ti ń gbá a mú.

Ọ̀rọ̀ bàtà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí òun ló kó mi lówó. Mo ra bàtà mílímítà 75 tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí, pẹ̀lú ìdè àti síkì rẹ̀ lápapọ̀. Ó ṣì ń dán, mo sì gbà pé ọjà ọ̀pọ̀ ni mo rà. Ó fi ìwọ̀n kan tóbi jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo ní ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn yóò dí àyè tó kù. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé bàtà telemark ní ibi kan lókè ìka ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ìṣẹ́po, bí awọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, kí bàtà tó le koko náà lè ká nígbà tí gìgísẹ̀ bá gbéra. Ìṣẹ́po yìí gbọ́dọ̀ bọ́ sórí oríkèé tí ìka ẹsẹ̀ ti so mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ gan-an. Bí bàtà bá tóbi, yóò ká níbi tí ẹsẹ̀ kì í ká sí, yóò sì máa rún ìka ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ orúnkún, ìṣẹ́po náà á tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti dúdú. Nítorí ìrora yìí, láìmọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún fífi ara ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Olùkọ́ ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé kí n pín ìwúwo ara mi sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, pé síkì ẹ̀yìn kàn ń wọ́ tẹ̀lé mi ni, mo sì gbà pé èmi ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí kò ní ìwúwo ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ telemark. Mo fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ tún ìdúró mi ṣe, nígbà tó jẹ́ pé bàtà ló yẹ kí n pààrọ̀.

Kò tán síbẹ̀. Pílásítíìkì a máa gbó bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń wọ̀ ọ́, ibi ìṣẹ́po tó ń ká ṣáá ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ sán. Tèmi sán ní ẹsẹ̀ òsì kí àkókò yìnyín ọdún náà tó parí. Àgógó rẹ̀ pẹ̀lú ti wọ́, nítorí pé okùn irin náà ń ti bàtà mọ́ ẹnu ìdè láìsinmi. Ó wá di pé bí mo bá yà, bàtà á máa mì lẹ́nu ìdè, ìgbà méjì sì ni ó yọ jáde pátápátá. Mo tún ra bàtà mílímítà 75 mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni mo wá yí sí NTN, tí wọ́n sì tún gbẹ́ ihò tuntun sínú síkì kan náà, nítorí pé ihò ìdè méjèèjì kò dọ́gba. Bàtà mẹ́ta, ìdè méjì, síkì kan tó ní àpá ihò lára: iye tí mo san fún ìpinnu kan tí n kò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rò nìyẹn.

NTN náà kò lè sọ bàtà tí kò wọ ẹsẹ̀ di èyí tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò ní àgógó tí yóò wọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ bàtà telemark tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ló sì jẹ́ ti NTN, nítorí náà ẹni tó ń ra tuntun yóò rí púpọ̀ sí i láti inú èyí tí yóò ti yan ìwọ̀n tirẹ̀. Irú yòówù kí ẹ fẹ́ rà, ẹ wọ bàtà náà, ẹ fún gbogbo ìkọ́ rẹ̀ pa, kí ẹ dúró: ìka ẹsẹ̀ yóò kan iwájú díẹ̀. Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí ẹ tẹ orúnkún bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lára iwájú bàtà, kí ohunkóhun má sì tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀ogún, kí ẹ sì wọ bàtà náà fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó dáhùn. Èyí tó rọ̀ díẹ̀ ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó le bí igi, àwọn tó ti ń sáré ni wọ́n ṣe é fún.

Ní ti ìdarí, ìdè mílímítà 75 máa ń jẹ́ kí orúnkún lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí èyí. Sípíríǹgì NTN, tó wà lábẹ́ bàtà, máa ń tètè ti ẹsẹ̀ padà, ó sì ń fún àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ohun tí yóò tẹ̀ mọ́. Ó tún ń di ẹsẹ̀ mú dáadáa láti ẹ̀gbẹ́, débi pé bí ó bá rẹ akẹ́kọ̀ọ́, ó lè fi gìgísẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí ó yà bí àwọn onísíkì yòókù ti ń yà, kí ó sì dé ìsàlẹ̀ láìséwu.

Bí a bá ṣubú, ọ̀pọ̀ ìdè mílímítà 75 kì í tú. Okùn ni a fi ń so síkì mọ́ ẹsẹ̀ kí ó má bàa sá lọ. Ọ̀pọ̀ ìdè NTN lè tú, wọ́n sì lè ní bíréékì, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé wọn bí ìdè síkì tó ń di gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí pé ìtúsílẹ̀ wọn kò sí lábẹ́ DIN, òṣùwọ̀n ilẹ̀ Jámánì tí a fi ń yẹ ìyẹn wò.

Fún ìrìn jíjìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìdè oníṣó mẹ́ta fúyẹ́ jù, kò sì ní ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́ níbi tí kò ti sí alátùn-únṣe. Fún gígun òkè, ẹ béèrè bóyá ìdè náà ní ibi tí a ti lè tú sípíríǹgì rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní i, nínú oríṣi méjèèjì.

Síkì kò gba àríyànjiyàn: èyí tó rọ̀, tó fẹ̀ tó mílímítà 80 sí 90 láàárín, tí kò ga ju imú yín lọ, ti tó. Ẹ ra ìbòrí orúnkún.

Bí ẹ bá rí bàtà mílímítà 75 tó wọ ẹsẹ̀ yín pẹ́kípẹ́kí, tí àgógó rẹ̀ tẹ́jú, tí ìṣẹ́po rẹ̀ kò ní ìlà sísán kankan, tó sì jẹ́ pé òkè kéékèèké àti ìrìn jíjìn ni ẹ ń fẹ́, ẹ rà á láìbẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ pé orí òkè tó ní ẹ̀rọ agbéni-gòkè ni ẹ ti fẹ́ kọ́ ọ, owó NTN ni kí ẹ dúró kó jọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ihò sínú síkì yín títí bàtà yóò fi wà lẹ́sẹ̀ yín tí yóò sì ti yege ìdánwò orúnkún náà. Bí ẹni tó ń tà á bá sì sọ pé ìrora tó wà lórí ìka ẹsẹ̀ yóò lọ bí bàtà bá ti mọ́ yín lára, ẹ bọ́ ọ síbẹ̀ fún un.