Ovule clotrimazole ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ta ló yẹ kó rà á?

Ovule clotrimazole, oògùn ẹlẹ́yọ tí a ń tì bọ ojú ara, ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó ń ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí kò nílò rẹ̀ ló ń rà á. Omi ojú ara tó mọ́ gaara tàbí tó funfun, tí kò rùn, tí kò yúnni, kì í ṣe àrùn. Láàárín oṣù, a máa yọ̀, a máa fà. Bó bá gbẹ sára pátá, ó lè ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Oyún a sì máa mú un pọ̀ sí i. Ẹ fi owó yín sápò.

Kòkòrò kandídà nìkan ni ovule yìí wà fún. Omi tí kandídà ń fà a máa ki, a máa dì kúlúkúlú bíi wàrà, ojú ara a máa yúnni, ìtọ̀ a sì máa tani. Kì í sábà rùn. Èyí tó ń ṣàn, tó ní àwọ̀ eérú, tó ń rùn bí ẹja, oògùn mìíràn, metronidazole, ló ń kápá rẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ ewé, tó ń hó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ trichomonas, kòkòrò tó ń ranni nípa ìbálòpọ̀. Tọkọtaya ni yóò jọ lo oògùn ìyẹn.

Ovule mg 500 jẹ́ ẹyọ kan fún alẹ́ kan. Mg 200, alẹ́ mẹ́ta. Mg 100, alẹ́ mẹ́fà. Mg 500 la fara mọ́ jù, torí bí yíyún bá ti rọlẹ̀, àwọn èèyàn a pa ìyókù tì. Ẹ fọwọ́, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ tì í wọlé débi tí ìka lè dé. Ó di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn: ẹni tó bá ń rìn kiri, yóò yọ́ jáde mọ́ ọn lára. Ohun funfun tó bá jáde láàárọ̀, oògùn náà ni. Ẹ má lò ó nígbà nǹkan oṣù. Ó sì lè mú kí kọ́ńdọ̀mù bẹ́. Aláboyún, ẹ bi agbẹ̀bí kí ẹ tó lò ó.

Farmasí ni kí ẹ ti rà á, kì í ṣe orí àtẹ ní ọjà Ouando. Oòrùn a máa yọ́ ọ. Èyí tó bá ti wọ́ nínú páálí rẹ̀, ẹ dá a padà. Ọṣẹ olóòórùn dídùn tí wọ́n ń tà mọ́ ọn, àfikún ìnáwó lásán ni: omi ojú ara máa ń kan díẹ̀ (pH, ìyẹn ìwọ̀n kíkan rẹ̀, jẹ́ 3.8 sí 4.5), ọṣẹ ló sì ń bà á jẹ́. Omi lásán lóde ara tó.

Ibà, inú rírun nísàlẹ̀ ìdodo, ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti oṣù: ilé ìwòsàn. Bí kandídà bá ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó ra òmíràn.