Àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn: èwo ló ká ẹ̀fọn ìgbà òjò àdúgbò yín?

Kí ẹ tó náwó lé àwọ̀n kankan, ẹ kọ́kọ́ wo omi tó yí ilé yín ká. Ẹ̀fọn Anopheles, tó ń gbé ibà kiri, fẹ́ràn omi tó mọ́ díẹ̀ tí oòrùn ń pa: ipa táyà lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, ojú ẹsẹ̀ màlúù, oko ìrẹsì inú àkùrọ̀, kòtò tí àwọn bíríkìlà gbẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀fọn tó kún inú gọ́tà tó ń rùn, irú tí wọ́n ń pè ní Culex ló sábà máa ń jẹ́. Ó lè kó jàkùtẹ̀ ranni, àmọ́ kì í gbé ibà. Ní etí ọ̀sà Badagry, irú Anopheles kan tún wà, melas, tí omi oníyọ̀ kò dí lọ́wọ́.

Ìgbà tí ẹ so àwọ̀n ṣe pàtàkì tó irú èyí tí ẹ rà. Nínú ooru ilẹ̀ Yorùbá, ẹyin ń di tanwíji, tanwíji ń di ẹ̀fọn láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Kòkòrò ibà á tún lo nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 nínú ẹ̀fọn kó tó lè ranni, ara ẹni tí ó jẹ á sì gbà á tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó gbóná. Ẹ ṣírò rẹ̀: ibà tó kún ilé ìwòsàn lóṣù kẹfà, òjò oṣù karùn-ún ló bí i. Àkọ́rọ̀ òjò kò gbọ́dọ̀ bá àwọ̀n yín nínú ọ̀rá. Òjò arọ̀ọ̀rọ̀dá fúnra rẹ̀ máa ń gbá tanwíji lọ. Ìgbà tí àgbàrá bá fà tán, tó fi adágún omi sílẹ̀ káàkiri, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra jù.

Àwọ̀n PermaNet 2.0, tó ní oògùn deltamethrin nìkan, rọ̀ lára, kò sì wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé oògùn ìdílé pyrethroid yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ran ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi èròjà kan, PBO, kún un. PBO kì í pa ẹ̀fọn fúnra rẹ̀; ó ń dí ohun tí ẹ̀fọn fi ń tú oògùn ká nínú ara rẹ̀. Gbogbo ara àwọ̀n Olyset Plus ló ní in, pẹ̀lú oògùn permethrin. Okùn rẹ̀ le díẹ̀, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ fẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé, èyí sì wúlò gan-an lálẹ́ tí kò síná, nítorí ooru ló ń mú kí àwọn ènìyàn ká àwọ̀n sókè. Òrùlé nìkan ni PermaNet 3.0 ní PBO sí, torí òkè ni ẹ̀fọn sábà máa ń gbà bọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe dorí rẹ̀ kodò.

Lójú tiwa, níbi tí oògùn àtijọ́ kò ti ran ẹ̀fọn mọ́, àwọ̀n Interceptor G2 ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ó ní oògùn méjì, alpha-cypermethrin àti chlorfenapyr, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí irú rẹ̀ gidigidi ní oṣù kẹta ọdún 2023. Chlorfenapyr kì í pa lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀fọn lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó kú. Tí ẹ kò bá rí òkú ẹ̀fọn láàárọ̀, ẹ má sọ pé àwọ̀n náà kò ṣiṣẹ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ sá a sábẹ́ ibòji fún wákàtí 24 kí ẹ tó so ó, kí ara má baà yún yín. Ẹ fi etí rẹ̀ há abẹ́ fóòmù yíká, kí ó má sì lẹ̀ mọ́ ara ọmọ, torí ẹ̀fọn á gbà á jẹ láti ìta. Ọṣẹ tí kò le àti omi tútù ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Kò sí bílíìṣì, kò sí sísá sóòrùn. Nǹkan bí ìfọ̀ 20 ni wọ́n ṣe é fún, láàárín ọdún 3. Ẹ má da omi ìfọ̀ náà sódò, ó ń pa ẹja. Ó sì ń dùn wá púpọ̀ láti rí àwọ̀n tuntun tí wọ́n fi ṣọgbà ewébẹ̀ nígbà tí aboyún àti ọmọ ọwọ́ ń sùn sílẹ̀ láìní àwọ̀n lórí.

Ohun kan wà tí kò sí àwọ̀n tó ká a tán: ẹ̀fọn Aedes, tó ń gbé ibà pọ́njú àti ibà dengue, ọ̀sán ló ń jẹni. Inú táyà àlòkù, agolo àti dúrọ́ọ̀mù omi ló ń yé sí, ara ògiri wọn ni ẹyin rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́, ẹyin náà sì lè la ọ̀pọ̀ oṣù ẹ̀ẹ̀rùn já láìkú. Dída omi nù nìkan kò tó: ẹ fi kànrìnkàn ha inú dúrọ́ọ̀mù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dé e pinpin.