Ṣọ́ọ̀bù tó tẹ báńà ìsọjí wa nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa, ìjọ kékeré kan lẹ́yìn Ìjọ̀kà Road níbí ní Àkúrẹ́. Èmi ni mò ń rí sí i pé àdúgbò mọ̀ pé a wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń pààrà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ báńà láàárín ọdún kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù yìí. Lọ́dún tó kọjá, a mú àkòrí ìsọjí wa láti inú Aísáyà orí 59: ỌWỌ́ OLÚWA KÒ KÚRÚ. Ẹni tó bá wa tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, níbòmíràn, kò fi àmì kankan sí i. OWO OLUWA KO KURU la gbé kọ́ sí oríta. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ létí títì dá mi dúró: "Mọ́mì, ṣé owó lẹ tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Àwọn èèyàn ti ń fura sí ṣọ́ọ̀ṣì lórí ọ̀rọ̀ owó tẹ́lẹ̀, àwa náà wá gbé e kọ́ sójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ìjọ ló jókòó ṣe ètò ìwé Yorùbá kíkọ. Èkó ni àwọn míṣọ́nnárì ti pàdé lọ́dún 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́, Bíbélì odindi sì jáde ní 1884. Kí ló wá dé tí báńà ìjọ kò fi ní ní àmì?

Ẹnì kan nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin wa ló júwe ṣọ́ọ̀bù tuntun yìí fún mi. Orí òkè ni, lókè àwọn aláṣọ, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì há, kí àwọn àgbà rọra gùn ún. Ọmọbìnrin tó ni ín kò kọ́kọ́ bi mí pé èló ni mo mú wá. Ó ní, "Mọ́mì, àwọn wo lẹ fẹ́ kó kà á? Ṣé orí ọ̀kadà ni wọ́n máa wà, àbí ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi rìn kọjá?" Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Fọ́tò mẹ́jọ ni mo mú dání: olùṣọ́-àgùntàn, ìyàwó wọn, oníwàásù àlejò, àti àwọn alàgbà. Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá ń sáré kọjá lórí ọ̀kadà kò lè rí ojú mẹ́jọ. Fọ́tò kan ló fi sílẹ̀. Ó wá jẹ́ kí ọjọ́ àti aago hàn gàdàgbà.

Àkòrí ọdún tó kọjá la tún lò, torí ó yẹ kí àdúgbò gbọ́ ọ bó ṣe rí gan-an. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Irú lẹ́tà tó kọ́kọ́ mú kò gba àmì. Àmì òkè sá kúrò lórí Ọ, ó lọ bà sórí W bí eṣinṣin. Ó pa á rẹ́. Ó mú òmíràn, àmì abẹ́ ni kò hàn. Ìkẹta ló jókòó dáadáa. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kékeré, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kà á sókè. Mo ní, "Ọwọ́ Olúwa kò kúrú." Bàbá kan tó wá tẹ káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe "Àmín" lórí ìjókòó.

Báńà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin náà jẹ́ ₦12,000. A tún tẹ ìwé ìkéde 500. Mo ti kọ nọ́ńbà ilé sí i, ọmọbìnrin náà ní ta ló ń wo nọ́ńbà ilé ládùúgbò yín? Òótọ́ ni. Mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ oníbọ̀ọ̀lì tó wà ní ìyànà wa, ó sì gbà, ohun tí a wá kọ nìyí: "Ẹ sọ̀ níbi oníbọ̀ọ̀lì, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún." Mo máa ń rántí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó gbọ́ ìpè ní 1928 níbi tó ti ń wa ọkọ̀ tó ń tẹ títì lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Agogo ló ń lù káàkiri, agogo kò sì nílò ẹni tó mọ̀wé. Àwa kò gbé gbohùngbohùn síta mọ́ nítorí àwọn aláìsàn àti ọmọ ọwọ́ tó wà ládùúgbò. Bébà ló kù tí a fi ń pè wọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a ní lọ́kàn.

Wọ́n ní àléébù tiwọn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá gbé e, iná lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ìsọjí bẹ̀rẹ̀ ni mo tó rí i gbà, wọn kò sì pè mí. Èmi ni mo ń pè wọ́n. Tọ́ọ̀ṣì la fi kọ́ báńà náà. Etí kan sì ya nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ lóru. Bẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn wọlé, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Oṣù kọkànlá ni ìkórè wa. Mo ti fi àkòrí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà lórí WhatsApp. Ó dá a padà tàmì-tàmì, ó wá bi mí bóyá oníbọ̀ọ̀lì ṣì wà níbẹ̀.