Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ lórí Kòkòrò HIV fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó máa ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ wá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wa nípa kòkòrò HIV àti àrùn éèdì, iṣẹ́ wọn sì dára ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n kọ́kọ́ pín ìwé ìbéèrè tí kò gba orúkọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀ pé ènìyàn lè kó kòkòrò náà nípasẹ̀ ìbálòpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló kọ ọ́ pé ẹ̀fọn ń gbé e kiri, tí wọ́n sì ní àwọn kò ní jókòó ti ọmọ tó bá ní i.

Olùkọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yìí, kò bá wọn wí, ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn. Ó ṣàlàyé pé kòkòrò yìí kì í bí sí i nínú ara ẹ̀fọn, pé àwo oúnjẹ àti ìdìmọ́ra kì í gbé e ranni, àti pé ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré débi tí àyẹ̀wò kò lè rí i mọ́, kì í kó o ran ẹlòmíràn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Ọmọkùnrin kan béèrè bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè bí ọmọ tí kò ní i. Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀ nípa ìbímọ àti ọmú.

Àwòrán ẹni tó rù kan eegun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò bójú mu rárá. Mo fẹ́ kí wọ́n padà wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe mú àwòrán yẹn wá mọ́.